Ohùn Inú Fáìlì Kejì

Ọmọ náà mọ èèyàn sín jẹ. Ohun tí mo kọ́kọ́ mọ̀ nípa rẹ̀ nìyẹn, kí n tó mọ ìlú rẹ̀, kí n sì tó mọ̀ pé ọpọlọ rẹ̀ jí pépé. Ọdún kejì ló wà ní yunifásítì nígbà náà. Mo ń kọ́ wọn ní fònẹ́tíìkì, ìyẹn ẹ̀kọ́ nípa bí ẹnu ṣe ń pe ìró àti bí etí ṣe ń gbọ́ ọ. Lọ́jọ́ kan, mo pẹ́ díẹ̀ kí n tó dé kíláàsì. Bí mo ṣe ń gun àtẹ̀gùn bọ̀, mo gbọ́ ohùn ara mi láti inú yàrá náà. Bí mo ṣe máa ń fa ọ̀rọ̀ gùn tí mo bá fẹ́ kí wọ́n kọ nǹkan sílẹ̀, bí mo ṣe máa ń wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan kí n tó pe orúkọ ẹni tí kò ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá, bí èdè Ifẹ̀ ṣe máa ń yọ́ wọnú Yorùbá mi tí inú bá ń bí mi, gbogbo rẹ̀ ló wà níbẹ̀. Kíláàsì ń rẹ́rìn-ín bí ẹni pé òrùlé fẹ́ ṣí lọ. Mo wọlé, gbogbo ibẹ̀ pa lọ́lọ́. Ọmọbìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ní èjí níwájú eyín kúnlẹ̀ sáàárín àga méjì.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà. Ẹ má bínú mà."

"Tún un ṣe."

Ó rò pé ìyà ni mo fẹ́ fi jẹ òun. Omi ti ń lé lójú rẹ̀.

"Mo ní kí o tún un ṣe. Ẹ̀yin yòókù, ẹ fetí sílẹ̀ kí ẹ sọ fún mi ohun tó fi ẹnu rẹ̀ ṣe tó fi dún bí èmi."

Odindi wákàtí kan la fi ṣe é. Wọ́n ní ó fa ahọ́n sẹ́yìn díẹ̀, wọ́n ní ó dẹ àgbọ̀n ìsàlẹ̀, wọ́n ní ó jẹ́ kí ohùn ìsàlẹ̀ pẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ. Ó wà lára kíláàsì tó dùn mọ́ mi jù láti ìgbà tí mo ti di olùkọ́. Nígbà tí a parí, mo sọ fún wọn pé ẹni tó bá fẹ́ ṣe iṣẹ́ yìí nílò etí tó ń gbọ́ ohun tó wà níbẹ̀ gan-an, kì í ṣe ohun tó fẹ́ gbọ́, ó sì nílò ẹnu tó lè pe ohunkóhun tí etí bá gbọ́. Mo nawọ́ sí ọmọ náà, mo ní, "Ẹni tó ní ẹnu nìyí." Gbogbo wọn pàtẹ́wọ́.

Bó ṣe di tèmi nìyẹn. Ìbàdàn ni wọ́n ti bí i. Ọkùnrin méjì ni mo bí, àwọn méjèèjì ti lọ jìnnà, mi ò sì bí obìnrin. Èmi ni mo bójú tó iṣẹ́ àṣekágbá rẹ̀, èmi náà ni mo bójú tó ti oyè kejì. Nígbà tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ti ọ̀mọ̀wé, kò lọ bá ẹlòmíràn, kò sì sẹ́ni tó rò pé yóò lọ. Ó gba yàrá kan sí àdúgbò Mayfair, ní Ifẹ̀ níbí. Ní ọjọ́ Sátidé, á wá sílé mi, á bá mi ṣa ẹ̀fọ́, a ó sì máa jiyàn lórí bóyá ohùn àárín jẹ́ ohùn gidi tàbí àìsí ohùn. Tí a bá wà ní ọ́fíìsì, "mà" ló ń pè mí. Tí a bá délé, ó di "Mọ́mì." Tí àlejò bá wá sọ́dọ̀ mi láti ẹ̀ka mìíràn, mo máa ń ní kó sín olórí ẹ̀ka wa jẹ fún wọn. Á kọ́kọ́ kọ̀, á sì ṣe é, a ó rẹ́rìn-ín títí.

Ọ̀rọ̀ àwọn ará ilé mi ló fẹ́ fi gboyè. Àdúgbò Ìlódè, ní Ifẹ̀, ni wọ́n bí mi sí, èdè Ifẹ̀ sì lèdè ẹnu ìyá mi. Ọ̀rọ̀ ìwé náà kò ṣòro. Ará Ọ̀yọ́ á ní "èlùbọ́." Ìyá mi á ní "ẹ̀lùbọ́." Fáwẹ́ẹ̀lì tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà ń wojú fáwẹ́ẹ̀lì tó parí rẹ̀ kó tó mọ bí yóò ṣe dún, bí ọmọ ìyá méjì tí àlejò jókòó sáàárín wọn tí wọ́n sì tún ń ṣẹ́jú síra wọn. Àǹkóò fáwẹ́ẹ̀lì ni à ń pè é. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń sọ ní ìpàdé àwọn onímọ̀ èdè pé bí àwọn àgbà Ifẹ̀ ṣe ń sọ̀rọ̀ nìyẹn, pé kò sí èyí tó yà. Àwọn kan ní ó yà. Wọ́n ní rédíò àti ilé ìwé ti wọ inú ẹnu àwọn àgbà pàápàá. A ti bára wa fà á títí. Iṣẹ́ ọmọ yìí ni yóò parí ìjà náà.

Ìyá àgbà mẹ́jọ la fẹ́, àwọn tó ti lé ní àádọ́rin ọdún, tí wọn kò gbé ìlú mìíràn rí. Ẹ̀ẹ̀mejì la ó gba ohùn ẹnì kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, kí oṣù mélòó kan wà láàárín méjèèjì. Ìyá mi ni àkọ́kọ́.

Èmi ni mo mú un lọ lọ́jọ́ náà. Ìyá mi jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ti wọ ìró tuntun, ó rò pé fọ́tò ni wọ́n fẹ́ ya. Eyín iwájú rẹ̀ lókè ti ká láti ìgbà pípẹ́. Ọmọ náà kúnlẹ̀, ó gbé rẹ́kọ́dà kékeré sórí àpótí níwájú rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi àwòrán hàn án, kó lè pe orúkọ ohun tó bá rí. Iṣu. Ẹsẹ̀. Ilé. Èlùbọ́.

"Ṣé ẹ̀yin ò mọ èyí ni?" ni ìyá mi bi wá. "Ẹ lọ sí yunifásítì, ẹ ò mọ ẹ̀lùbọ́?"

A rẹ́rìn-ín títí tí a fi ní láti tún un gbà sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó sọ ìtàn bí òun àti àbúrò rẹ̀ ṣe máa ń sá kòkó nígbà òjò, ó sọ bí ìyá ọkọ rẹ̀ ṣe lé e padà sóko nítorí pé ó gbàgbé agbọ̀n. Ó kọ́ ọmọ náà bí wọ́n ṣe ń pe Ifẹ̀ ní "Ufẹ̀" àti ilé ní "ulé." Ọmọ náà pè é lẹ́ẹ̀kan péré, ìyá mi yí ojú sí mi.

"Ọmọ Ìbàdàn yìí, bí o bá sọ pé Ìlódè ni wọ́n bí i, màá gbà."

Inú mi dùn lọ́jọ́ yẹn ju bí mo ṣe lè sọ lọ.

Oṣù kẹfà lẹ́yìn ìyẹn ni ara ìyá mi bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀. Àbúrò rẹ̀ tí mò ń pè ní Ìyá Kékeré kó ẹrù rẹ̀ wá sílé náà láti máa tọ́jú rẹ̀. Wọ́n pè mí sí yunifásítì kan tó jìnnà láti wá yẹ ìwé ìdánwò wò, ọjọ́ márùn-ún. Mo fẹ́ kọ̀, ìyá mi ló ní kí n lọ. Lọ́jọ́ kẹta, ọmọ mi yìí pè mí.

"Mọ́mì, mo ti dé ọ̀dọ̀ Màmá o. Ara wọn yá lónìí. Mo ti gba apá kejì sílẹ̀."

"Ṣé ó lè sọ̀rọ̀?"

"Wọ́n sọ̀rọ̀ dáadáa. Wọ́n tiẹ̀ ní kí n kí yín. Ó wà nínú rẹ́kọ́dà."

Mo dúró sí ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn ìdánwò, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Nígbà tí mo fi máa padà dé ní ìparí ọ̀sẹ̀, ìyá mi kò sọ̀rọ̀ mọ́. Ojú rẹ̀ ń wò mí, ẹnu rẹ̀ kò gbé nǹkan jáde. Kò pé ọjọ́ mẹ́rin, ó lọ.

Ọmọ náà bá mi ṣe gbogbo rẹ̀. Òun ló ń gba àlejò, òun ló ń fọ àwo. Ní ọjọ́ kan tí ilé kún fún èèyàn, ó fà mí sí ẹ̀gbẹ́ kan nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó fi fóònù rẹ̀ sí mi létí. Ariwo pọ̀ láyìíká wa, síbẹ̀ mo gbọ́ ọ. "Bá mi kí ọmọ mi. Ní kó má sáré jù. Mo ti súre fún un." Mo dì mọ́ ọn, mo sunkún sí i léjìká. Mi ò tún gbọ́ ọ mọ́ lẹ́yìn ìyẹn. Mi ò lè gbọ́ ọ. Tí mo bá ṣí láptọ́ọ̀pù mi tí mo rí orúkọ fáìlì náà, ń ṣe ni mo máa ń yí ojú kúrò.

Ibí yìí ló yẹ kí n ti sọ ẹ̀bi tèmi. Fáìlì mẹ́rìndínlógún ló wà nínú iṣẹ́ náà. Alábòójútó gbọ́dọ̀ fetí sí gbogbo wọn. Mo fetí sí mẹ́rin. Ìyókù, àwòrán tí kọ̀ǹpútà yà nípa wọn ni mo wò, àti òǹkà tó wà lábẹ́ àwòrán, gbogbo rẹ̀ sì dára. Ó dára ju ohun tí mo ti rí rí lọ. Ìyá àgbà mẹ́jọ, ẹnu wọn kò yàtọ̀ síra. "Ẹ̀lùbọ́" ni gbogbo wọn pè é, nígbà àkọ́kọ́ àti nígbà kejì. Mo buwọ́ lùwé pé mo ti gbọ́ gbogbo rẹ̀.

Lọ́jọ́ difẹ́ńsì, ìyẹn ìdánwò àfẹnuṣe tí wọ́n fi ń gba oyè ọ̀mọ̀wé, olùyẹ̀wò tó wá láti ìta ṣí ìwé náà sí ojú ewé kan, ó sì bọ́ awò ojú rẹ̀.

"Àwọn àgbà mẹ́jọ yìí, ẹnì kan ṣoṣo kò yà kúrò? Ẹ̀ẹ̀kan péré?"

Ọmọ náà la ẹnu, mo gba ọ̀rọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu. Alábòójútó kì í sọ̀rọ̀ níbẹ̀ bí wọn kò bá bi í, mo mọ̀ bẹ́ẹ̀.

"Bí Ifẹ̀ ṣe ń sọ̀rọ̀ nìyẹn, sà. Inú ilé ni mo ti mọ̀ ọ́n."

Gbogbo yàrá rẹ́rìn-ín, olùyẹ̀wò náà sì rẹ́rìn-ín. Ọmọ náà yege. A ti jọ kọ àpilẹ̀kọ kan jáde lórí rẹ̀ kó tó dìgbà náà, orúkọ rẹ̀ ṣíwájú, tèmi tẹ̀ lé e.

Nígbà tí ọdún ìyá mi pé, a kóra jọ sí Ìlódè lẹ́yìn ìsìn ìrántí. Kì í ṣe ayẹyẹ, àwa ẹbí nìkan ni. Mo ti pinnu pé ọjọ́ yẹn ni màá tún gbọ́ ohùn rẹ̀, láàárín èèyàn, kó má baà pa mí. Mo gbé láptọ́ọ̀pù sórí tábìlì ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo so ó mọ́ sípíkà. Fáìlì kìn-ín-ní bẹ̀rẹ̀. "Ẹ lọ sí yunifásítì, ẹ ò mọ ẹ̀lùbọ́?" Àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi bú sẹ́rìn-ín, àwọn kan ń nu ojú. Ìyá Kékeré ń mi orí, ó ń dá ohùn náà lóhùn bí ẹni pé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wà níbẹ̀. Nígbà tó kan ìtàn kòkó, ó ní, "Irọ́ ló ń pa, èmi nìkan ni mo máa ń sá a."

Lẹ́yìn náà ni mo ṣí fáìlì kejì.

Ìyá Kékeré kò mi orí mọ́. Ó yí orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó gbọ́ ọ díẹ̀ sí i.

"Ta nìyí?"

"Màmá ni. Èyí tí wọ́n gbà sílẹ̀ nígbà tí ara rẹ̀ ò yá."

"Kì í ṣe òun."

"Òun ni, Ìyá Kékeré. Àìsàn ló yí ohùn rẹ̀ padà."

Ó wò mí bí ìgbà tí èèyàn ń wo ọmọdé. Kò kàwé rí, kò mọ ohun tó ń jẹ́ fònẹ́tíìkì.

"Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, àádọ́rin ọdún ni mo fi gbọ́ ohùn yẹn. Ẹni yìí fara jọ ọ́, ó fẹ́ jọ ọ́ ni. Òun kọ́. Ìgbà wo tiẹ̀ ni wọ́n gbà á?"

Mo sọ ọ̀sẹ̀ náà fún un.

"Èmi ni mo wà níbí lọ́sẹ̀ yẹn, tọ̀sán tòru. Láti ọjọ́ kejì tí o ti lọ ni ẹ̀gbọ́n mi kò ti lè sọ gbólóhùn kan parí láìmí. Ọmọ rẹ yẹn ò wọ ilé yìí."

Mo pa láptọ́ọ̀pù náà dé. Mo ní iná rẹ̀ ti tán. Mo wọ inú yàrá tí ìyá mi ń sùn tẹ́lẹ̀, mo jókòó sórí ibùsùn, mo fi íápíìsì sí etí méjèèjì. Ó gba ìṣẹ́jú mẹ́ta péré. Ẹni tí eyín iwájú rẹ̀ ti ká, ìró "s" rẹ̀ máa ń rọ̀, á fẹ́ dà bí ẹni ń fẹ́ atẹ́gùn sí tíì gbígbóná. Ẹni tó ní èjí, "s" tirẹ̀ máa ń súfèé díẹ̀, atẹ́gùn á gba àárín èjí kọjá. Nínú fáìlì náà, "s" rọ̀, ó rọ̀, ó rọ̀. Nígbà tó kan "ẹsẹ̀," ó súfèé.

Èmi ni mo kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń mú "s" rọ̀. Mo lè tọ́ka sí àga tó jókòó lé lọ́jọ́ tí mo kọ́ ọ.

Ní ọjọ́ Ajé, mo ti ilẹ̀kùn ọ́fíìsì mi, mo sì ṣe ohun tó yẹ kí n ti ṣe láti ọjọ́ pípẹ́. Mo gbọ́ gbogbo fáìlì mẹ́rìndínlógún, láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Mẹ́ta jẹ́ ti èèyàn gidi: ti ìyá mi àkọ́kọ́, àti ti ìyá àgbà méjì mìíràn. Mẹ́tàlá yòókù, ẹnu kan ni. Ó ti gbìyànjú o. Ó sọ ọ̀kan di akólòlò, ó sọ ọ̀kan di ẹni tó ń kánjú, ó fi ikọ́ sí ọ̀kan. Èjí rẹ̀ ń súfèé nínú gbogbo wọn. Bí n kò bá ti gba àwòrán gbọ́ ju etí mi lọ ni, ọjọ́ kìn-ín-ní ni ǹ bá ti mọ̀.

Ọmọ náà wá lọ́jọ́ kejì nígbà tí mo pè é. Ó wọlé pẹ̀lú ẹ̀rín, ó ń sọ̀rọ̀ nípa aṣọ tí yóò wọ̀ lọ́jọ́ ìkẹ́kọ̀ọ́yege. Mo tẹ fáìlì náà, "ẹsẹ̀" jáde. Mo tún un tẹ̀. Lẹ́ẹ̀kẹta, ó fi ọwọ́ bo ẹnu.

"Mọ́mì…"

"Má pè mí bẹ́ẹ̀ níbí."

Ó kúnlẹ̀. Ó ní àwọn ìyá náà ń dá òun padà. Ọ̀kan ti lọ sí oko, ọ̀kan ní kí òun padà wá lẹ́yìn ààwẹ̀, ọmọ ẹnì kan ní wọn kò ní fi ohùn ìyá àwọn ṣe nǹkan kan. Àkókò ń lọ.

"Ẹ sì ń sọ fún mi lójoojúmọ́ pé dátà ìwádìí mi ò tó, mà. Mo fi ẹnu ara mi dán ẹyọ kan wò. Mo ní bí ẹ bá mọ̀, màá jẹ́wọ́, màá bẹ̀bẹ̀. Mo gbé e wá. Ẹ fi íápíìsì sétí, ẹ gbọ́ ọ, ẹ ní òun ló dára jù nínú gbogbo rẹ̀."

Òótọ́ ni. Ó wà nínú mẹ́rin tí mo gbọ́. Mo rántí pé mo tiẹ̀ lu tábìlì.

"Ìyá mi ńkọ́?"

"Mo lọ, mà. Mo dé ẹnu ọ̀nà. Mo gbọ́ bí wọ́n ṣe ń mí láti ìta. Ẹ̀rù bà mí, mo padà."

"Ta ló wá ní kí o kí mi?"

Ó ń fi etí aṣọ nu ojú.

"Mo bi ọ́ ní ìbéèrè. Ta ló súre fún mi?"

"Mo rò pé ohun tí wọ́n máa sọ nìyẹn, mà. Mo rò pé ó máa tù yín nínú."

"Ó tù mí nínú," ni mo wí. "Ọdún kan gbáko ló fi tù mí nínú. Dìde, máa lọ."

Mi ò ké mọ́ ọn. Nígbà tó jáde, mo ti ilẹ̀kùn, mo jókòó. Ọ̀rọ̀ tí ìyá mi bá mi sọ kẹ́yìn kì í ṣe ìre kankan. Orí fóònù ni, kí mọ́tò mi tó gbéra. Ó bi mí bóyá mo ti jẹun, mo dá a lóhùn wàrà pé mo ti jẹun, nítorí pé ẹni tó jókòó tì mí fẹ́ kọjá. Mo ti sọ ọ̀rọ̀ yẹn nù nítorí mo ní èyí tó dára jù ú lọ lọ́wọ́.

Ìyá tó bí ọmọ náà wá láti Ìbàdàn. Ó jù mí lọ, síbẹ̀ ó kúnlẹ̀ sórí kápẹ́ẹ̀tì mi, mo kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀, a sì wà bẹ́ẹ̀ bí ẹni tí ń ṣe àdúrà. Ó ní, "Ẹ̀yin lẹ tọ́ ọ. Ohun tí ọwọ́ yín bá fẹ́ ṣe, ẹ ṣe é, àmọ́ ẹ rántí pé ẹ̀yin lẹ tọ́ ọ." Ọ̀rọ̀ náà gún mi. Mi ò mọ̀ bóyá ẹ̀bẹ̀ ni tàbí ẹ̀sùn, mo rò pé òun náà kò mọ̀.

Mo kọ lẹ́tà sí olórí ẹ̀ka wa, ojú ewé méjì. Ohun tí ọmọ náà ṣe wà ní èkíní, ohun tí èmi ṣe wà ní èkejì: pé mo buwọ́ lu ohun tí n kò gbọ́, pé mo dáhùn ìbéèrè tí wọn kò bi mí. Ọ̀gbẹ́ni náà kà á lójú mi, ó rọra gbé e sílẹ̀.

"Ẹ mọ̀ pé orúkọ yín ló máa kọ́kọ́ bàjẹ́?"

"Mo mọ̀."

"Ẹ kàn lè ní kó lọ gba ohùn mìíràn kó wá fi rọ́pò rẹ̀. Ta ló máa mọ̀?"

"Àbúrò ìyá mi mọ̀," ni mo wí. Ó gbé lẹ́tà náà, ó fi ránṣẹ́.

Ìgbìmọ̀ jókòó. Wọ́n fagi lé ìwé náà kí wọ́n tó fún un ní oyè, wọ́n ní kó tún gbogbo ìwádìí náà ṣe lábẹ́ alábòójútó mìíràn. Wọ́n ní kí èmi má gba akẹ́kọ̀ọ́ ọ̀mọ̀wé kankan fún ọdún ẹ̀kọ́ méjì. A kọ̀wé sí ibi tí a tẹ àpilẹ̀kọ wa sí, pé kí wọ́n yọ ọ́ kúrò. Àwọn tí a ti ń bára wa jiyàn ní ìpàdé kò yọ̀ mí. Ǹ bá fẹ́ kí wọ́n yọ̀ mí.

Ọmọ náà kò sá. Mi ò mọ̀ bóyá ǹ bá ti lè ṣe bẹ́ẹ̀ ní ọjọ́ orí rẹ̀. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọdún méjì tó fi ń rìn ní àdúgbò, ó ń jókòó ti àwọn ìyá àgbà, ó ń bá wọn ya àgbàdo, ó ń dúró dìgbà tí ààwẹ̀ bá parí. Ìyá Kékeré pàápàá gbà kó gba ohùn òun. Mi ò bi í léèrè ìdí, òun náà kò sì sọ. Nígbà tí ìwé tuntun náà jáde, alábòójútó rẹ̀ fi ẹ̀dà kan sórí tábìlì mi. Mo kà á tán lójókòó kan. Nínú àwọn mẹ́jọ, márùn-ún ló ń pe "ẹ̀lùbọ́" ní gbogbo ìgbà. Mẹ́ta máa ń pe "èlùbọ́" nígbà mìíràn, pàápàá tí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ ọmọ-ọmọ wọn. Ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta náà ni Ìyá Kékeré, tí kò sùn níta Ìlódè ju ìgbà mélòó kan lọ láyé rẹ̀.

Ó yé mi nígbà náà. Ẹnu tó wà nínú fáìlì mẹ́tàlá yẹn kò sín àwọn ìyá àgbà jẹ. Kò gbọ́ wọn, báwo ni yóò ṣe sín wọn jẹ? Ohun tí èmi ń sọ ní kíláàsì láti ọdún pípẹ́ wá ló ń sọ padà fún mi, tí mo sì ń pè é ní Ifẹ̀.

Mo pàdé ọmọ náà ní Ẹnuwá, níwájú ààfin, lọ́sàn-án ọjọ́ kan lẹ́yìn ìyẹn. Ó ti gba oyè rẹ̀. Èrò ń kọjá, ọkọ̀ ń fọn fèrè, ó sì kúnlẹ̀ sínú eruku pẹ̀lú aṣọ funfun.

"Ẹ káàsán mà."

"Ẹ káàsán o," ni mo dá a lóhùn. "Ẹ kú oríire. Ẹ kú iṣẹ́."

Kò tíì sí ìgbà kan tí mo pè é ní "ẹ" láti ọdún tí mo ti mọ̀ ọ́n. "Ìwọ" ni mo ń pè é, bí èèyàn ṣe ń pe ọmọ rẹ̀. Onímọ̀ ìró ni, ó gbọ́ ọ. Mo rí i lójú rẹ̀ pé ó gbọ́ ọ. Ó dìde, ó gbọn eruku eékún rẹ̀ nù, ó dúpẹ́, a sì gba ọ̀nà tó yàtọ̀. Tí ọdún tuntun bá dé, ó máa ń fi àdúrà ránṣẹ́ sí fóònù mi. Mo máa ń kọ "Àmín" padà. Àwọn èèyàn ní mo ti dárí jì í. Mi ò bá wọn jiyàn.

Sáà yìí ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ tún gba akẹ́kọ̀ọ́ ọ̀mọ̀wé. Ọmọbìnrin kan láti apá Òkè-Ògùn ni, ó dákẹ́ jẹ́ẹ́, ó mọ́ níwà, kò sì lè sín ẹnikẹ́ni jẹ. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ó wá sọ fún mi pé òun ti rí bàbá àgbà mẹ́rin ní ìlú òun tí wọ́n gbà láti sọ̀rọ̀, pé òun máa lọ lọ́jọ́bọ̀, òun á sì gbé ohùn wọn wá lọ́jọ́ Ajé.

"A jọ ń lọ ni," ni mo wí.

"Ó jìnnà, mà. Ẹ má ṣe wàhálà. Màá ṣe é dáadáa."

"Mo mọ̀ pé wàá ṣe é dáadáa. Mo fẹ́ jókòó tì yín ni. Kí o tún kọ nọ́ńbà àwọn ọmọ wọn fún mi."

Ó gbójú sókè. Ohùn rẹ̀ kò le, ó kàn fẹ́ mọ̀ ni.

"Ṣé ẹ ò gbà mí gbọ́ ni, mà?"

Ọmọbìnrin yìí kò ṣẹ̀ mí. Kò tíì gba ohùn ẹnikẹ́ni sílẹ̀ rárá. Mo bi í pé aago mélòó ni mọ́tò àkọ́kọ́ máa ń gbéra, ó ní aago mẹ́fà, mo sì kọ ọ́ sílẹ̀.